Ohun Tí Ojú Mi Rí Nídìí Mólùdù Jìtá

Ẹni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan jìtá olókùn ọ̀rá, irú èyí tí wọ́n ń fi èékánná ta, ohun àkọ́kọ́ tó máa gbọ́ ni pé kó lọ wá mólùdù, ìyẹn irinṣẹ́ onírìísí jìtá tí a ń ki ẹ̀gbẹ́ jìtá bọ̀ kó lè dúró bó ṣe yẹ. Ìmọ̀ràn tó dáa ni. Ṣùgbọ́n mólùdù tó bá irú ọrùn jìtá kan mu lè sọ ọrùn mìíràn di wíwọ́, ẹni tí kò bá sì mọ ìyàtọ̀ á kàn rí i pé iṣẹ́ bàjẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́, kò ní mọ ibi tó ti wá. Bó ṣe rí fún mi nìyẹn fún ìgbà pípẹ́. Igi tí mo fowó ńlá rà láti òkè òkun bá ọ̀rọ̀ náà lọ, oorun sì dá lójú mi nítorí rẹ̀. Mo ń kọ èyí fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ káfíńtà ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ tí ẹ mọ igi í lò, tí ẹ fẹ́ràn orin, tí ẹ ò sì rí ọ̀gá kan nítòsí tó ń kan jìtá tí ẹ lè lọ jókòó tì.

Àga, ilẹ̀kùn àti kọ́bọ́ọ̀dù ni mo kọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde. Olórí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ló gbé jìtá kan tó ṣẹ́ wá bá mi, tó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ bá mi wò ó bóyá ẹ lè lẹ̀ ẹ́." Ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣí, mo sì lè rí inú rẹ̀ kedere. Ọkàn mi ti gbà pé ihò àti ahọ́n ni màá bá níbi tí ọrùn ti pàdé àpótí, bí a ṣe ń so ẹsẹ̀ àga. N kò bá ohun tó jọ ọ́. Ọrùn náà wọ inú àpótí lọ. Wọ́n fi ayùn la ojú méjì sí gìgísẹ̀ rẹ̀, ìyẹn ìdí ọrùn tó wọ àpótí, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, wọ́n sì ki etí pákó ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bọ inú ojú yẹn. Ara kan náà ni ọrùn àti àpótí. Mo gbé e dání, mo ń yí i wò, mo sì mọ̀ pé n kò ní sinmi títí màá fi ṣe irú rẹ̀.

Kí n dúró lórí ibẹ̀ díẹ̀, torí orí rẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ dá lé. Àwọn tó ń ṣe jìtá olókùn irin, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Martin tí ọmọ Jámánì kan dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1833 ń ṣe, máa ń kan àpótí tán lọ́tọ̀. Wọ́n á wá gbẹ́ ahọ́n tó fẹ̀ lẹ́nu sí ìdí ọrùn, èyí tí àwa káfíńtà ń pè ní dọ́ftéèlì, wọ́n á sì sọ ọ́ sínú ihò rẹ̀ lára àpótí. Nínú irú iṣẹ́ yẹn, mólùdù ni ọba. Àpótí á wà nínú rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ọrùn á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bá a, bí ó bá sì wọ́ díẹ̀, èèyàn á fi síísẹ́lì họ ahọ́n náà títí á fi tọ́.

Àwọn ará Sípéènì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọrùn ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbẹ́. Wọ́n á lẹ àyà jìtá, ìyẹn pákó iwájú rẹ̀, mọ́ ọn, wọ́n á wá dojú gbogbo rẹ̀ bolẹ̀ sórí pátákó kan tí wọ́n ń pè ní solera. Orí pátákó yẹn ni ẹ̀gbẹ́ ti máa wọ gìgísẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n á ti fi ègé igi kéékèèké lẹ ẹ̀gbẹ́ mọ́ àyà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yìn ló máa ń gbẹ̀yìn. Antonio de Torres, ará Almería, tí wọ́n bí ní 1817 tó sì kú ní 1892, ni gbogbo ayé gbà pé ó fi ìdí ìwọ̀n jìtá yìí múlẹ̀, títí kan okùn tó gùn ní mílímítà 650. Ọ̀nà yìí kò nílò mólùdù rárá. Ìlà tí wọ́n fà sórí pátákó, ojú oníṣẹ́, àti àwọn ègé igi tí wọ́n tò yí ẹ̀gbẹ́ ká kó má bàa sún, ó tó wọn.

Bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe bẹ̀rẹ̀, láìsí mólùdù. Ọ̀gànwó ni mo lò fún ọrùn, ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn. Mo lọ ṣà á fúnra mi ní ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Àyà nìkan ni mo ní láti rà láti òkè òkun, igi spruce tí ìlà ara rẹ̀ tọ́ gbọnrangandan. Mo fá ẹ̀gbẹ́ títí ó fi di mílímítà méjì, mo rẹ ẹ́ sómi, mo sì ń tẹ̀ ẹ́ lára páìpù irin tí mo fi gáàsì mú gbóná. Ìbàdí ló le jù. Èjìká àti ìdí máa ń gbà fún èèyàn wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n níbi ìbàdí, bí ọwọ́ bá yá jù, igi á dún pẹ́ẹ́, ó ti ṣẹ́ nìyẹn.

Àwọn jìtá wọ̀nyẹn dún. Ohùn wọn tiẹ̀ tutù ju bí mo ṣe rò lọ. Ohun tó ń dùn mí ni pé èjìká ọ̀tún kì í bá ti òsì dọ́gba. Ẹni tó bá gbé e sórí itan kò ní mọ̀, àmọ́ tí mo bá gbé e kọ́ sára ògiri, ojú mi á lọ síbẹ̀ tààrà. Nígbà tí olórí akọrin wá sọ pé àwọn ọmọ kéékèèké tó ń kọ́ jìtá fẹ́ kí n ṣe mélòó kan tó bára mu, mo mọ̀ pé ó di dandan kí n wá mólùdù.

Mo wo fídíò, mo sì ṣe gẹ́gẹ́ bí mo ṣe rí i. Mo gé pláíwúùdù ní ìrísí ìdajì jìtá, mo lẹ̀ ẹ́ léra wọn títí ó fi ga tó ẹ̀gbẹ́, mo ṣe ìdajì kejì, mo sì fi bóòtù àti nọ́ọ̀tì dè wọ́n pọ̀ lókè àti nísàlẹ̀. Ó lẹ́wà. Nígbà tí mo ki ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sínú rẹ̀, wọ́n dọ́gba fún ìgbà àkọ́kọ́, inú mi dùn gidi gan-an. Mo wá gbé ọrùn, mo fẹ́ fi í sí àyè rẹ̀, n kò rí àyè. Orí mólùdù ti pa dé. Ibi tí ọrùn yẹ kó gbà jáde, igi ló dí i.

Ẹ wò ó, ibí ni mólùdù àti ọrùn ti Sípéènì ti ń bára wọn jà. Mólùdù tí mo rí nínú fídíò, ti ẹni tó ń ṣe dọ́ftéèlì ni. Àpótí tiẹ̀ kò ní ọrùn nígbà tó wà nínú mólùdù, kò sí ohun tó fẹ́ gba orí jáde. Èmi ò ronú débẹ̀. Mo pinnu pé màá yí ètò iṣẹ́ padà: màá fi ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀ nínú mólùdù, màá gé ihò kékeré tí ọrùn á gbà, màá ki gìgísẹ̀ bọ ẹ̀gbẹ́ láti òkè, màá lẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn náà ni màá tó lẹ àyà mọ́ gbogbo rẹ̀. Gúlúù gbẹ, mo lẹ àyà, mo lẹ ẹ̀yìn. Ọjọ́ tí mo fẹ́ fi bíríìjì, igi tí a ń so okùn mọ́ lórí àyà, sí i ni mo na okùn láti àárín eegun orí, ìyẹn eegun tí okùn ń gba orí rẹ̀ kọjá lókè ọrùn, wá sí ìdí, tí mo sì rí i pé ọrùn ti kọrí sí apá kan.

Kò wọ́ púpọ̀ níbi gìgísẹ̀, ojú lásán kò lè rí i. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Gìgísẹ̀ fẹ̀ ní nǹkan bíi mílímítà 60 níbi tó ti kan àpótí. Láti ibẹ̀, tó jẹ́ fúrẹ́ẹ̀tì kejìlá (irin tẹ́ẹ́rẹ́ kejìlá lára pátákó ìka tí a ń tẹ okùn mọ́), dé eegun orí jẹ́ mílímítà 325, ìdajì 650. Bí ojú tí a là lápá kan bá fi ìdajì mílímítà péré jìn ju èkejì lọ, nígbà tó bá fi máa dé orí, ó ti di nǹkan bíi mílímítà 2.7. Bí mo bá gbé bíríìjì sí àárín àyà, okùn kìíní fẹ́ máa já bọ́ létí pátákó ìka. Bí mo bá sún bíríìjì tẹ̀ lé ọrùn, kò sí lórí àwọn igi tí mo lẹ̀ sábẹ́ àyà láti gbé e ró mọ́. Kò sí ahọ́n tí mo lè fi síísẹ́lì họ. Ẹ̀gbẹ́, ọrùn àti àyà ti di ọ̀kan. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, omi lé sí mi lójú, torí àyà spruce yẹn, ẹni kan ló bá mi rà á láti ìlú òyìnbó, mo sì pẹ́ kí n tó tọ́jú owó rẹ̀.

Mo gbé e lọ bá ọ̀gá mi. Bàbá ò kan jìtá rí láyé wọn. Wọ́n gbé e sókè, wọ́n fi ojú kan wo ọrùn láti orí wá sí ìdí bí wọ́n ṣe máa ń wo férémù ilẹ̀kùn, wọ́n ní kí n ṣàlàyé bí mo ṣe tò ó. Mo ṣàlàyé. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Nínú iṣẹ́ yìí, ta ló ń tọ́ ta? Ṣé mólùdù ló ń tọ́ ọrùn, àbí ọrùn ló ń tọ́ mólùdù?"

N kò ní ìdáhùn lọ́jọ́ náà. Bí mo ṣe ń bọ̀ nílé ló yé mi. Nínú ọ̀nà ti Sípéènì, ọrùn àti àyà ni a kọ́kọ́ so, orí pátákó ni wọ́n sì ti tọ́. Ìlà àárín kan ṣoṣo ló ti orí pátákó náà wá sí ìdí rẹ̀, òun ló yẹ kí ohun gbogbo tẹ̀ lé. Nígbà tí mo jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ inú mólùdù pinnu ibi tí ọrùn á kọjú sí, mo ti fi ẹrú jọba. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Ohun tí mólùdù wà fún kò ju kó máa di ẹ̀gbẹ́ mú sórí ìlà tí pátákó ti fà sílẹ̀.

Mólùdù tí mo ṣe lẹ́yìn ìyẹn yàtọ̀. Mo gé orí rẹ̀ kúrò pátápátá, tó fi jẹ́ pé àlàfo ibẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá. Gìgísẹ̀ kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi náà fẹ́ wọlé síbẹ̀ láti nu gúlúù, kíláǹpù sì nílò àyè. Àlàfo tó há tún ní ewu mìíràn: bí mólùdù bá fún gìgísẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó lè gbé ọrùn kúrò lórí pátákó díẹ̀ láìjẹ́ pé èèyàn mọ̀, bẹ́ẹ̀ ọrùn yẹn gbọ́dọ̀ sùn mọ́ pátákó dáadáa. Mo ti fá apá pátákó tí ọrùn ń sùn lé wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi fi bíi mílímítà méjì rẹlẹ̀ níbi eegun orí, kí ọrùn lè tẹ̀ síwájú díẹ̀ sí ọ̀nà okùn. Òun ni kì í jẹ́ kí okùn ga jù lókè fúrẹ́ẹ̀tì kejìlá, níbi tó yẹ kó wà ní bíi mílímítà mẹ́ta lábẹ́ okùn kìíní àti mẹ́rin lábẹ́ okùn kẹfà. Bí mólùdù bá gbé ọrùn sókè, ìṣirò yẹn ti dàrú.

Ṣùgbọ́n nígbà tí orí mólùdù ti ṣí, ìdí nìkan ló so ìdajì méjèèjì pọ̀, wọ́n wá ń ṣí, wọ́n ń pa dé bí ẹnu àlùmágàjí. Mólùdù tó ń mì kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó tán ọ̀rọ̀ náà ni pé mo lu ihò gba inú ìdajì kọ̀ọ̀kan dé inú pátákó, mo sì fi igi róbótó kéékèèké kàn wọ́n mọ́lẹ̀ sí ojú kan náà, tó jẹ́ pé ìgbàkígbà tí mo bá gbé wọn kúrò tí mo dá wọn padà, ojú ìlà ni wọ́n ń bọ́ sí. Láti ọjọ́ yẹn ni pátákó àti mólùdù ti di irinṣẹ́ kan.

Ohun kékeré kan tún wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di wèrè, n kò sì rí ẹni tó mẹ́nu kàn án. Àyà jìtá kì í ṣe déédéé ìrísí ẹ̀gbẹ́ nígbà tí a bá ń lẹ̀ ẹ́. A máa ń fi mílímítà bíi méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀ yí i ká, tí a ó gé kúrò níkẹyìn. Etí tó yọ yẹn bọ́ sábẹ́ mólùdù, mólùdù jókòó lé e lórí, kò lè sùn mọ́ pátákó. Mo ń fi kíláǹpù fún un, mo ń bínú, mo rò pé pláíwúùdù ló wọ́. Ẹ họ ìsàlẹ̀ mólùdù ní inú yípo, kí etí àyà lè ní ibi tó máa fara pamọ́ sí, tàbí kí ẹ fi ègé igi tẹ́ẹ́rẹ́ gbé mólùdù sókè díẹ̀. Kí mólùdù má sì ga tó ẹ̀gbẹ́. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà tàbí méje ti tó fún ẹ̀gbẹ́ tó ga ní mẹ́wàá, torí ẹ ṣì máa fi pléènì fá òkè ẹ̀gbẹ́ kó lè rẹlẹ̀ díẹ̀ lápá ọrùn ju ìdí lọ, ẹ ó sì nílò ibi tí kíláǹpù á ti di í mú.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán nígbà yẹn. Kò tíì tán.

Ọ̀gànwó kan wà lọ́wọ́ mi tí ìlà ara rẹ̀ ń lọ síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ń dán bí ìmọ́lẹ̀ bá bọ́ sí i, ó wù mí púpọ̀. Irú ọ̀gànwó bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ tẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ títí, ìbàdí ẹ̀gbẹ́ kan kò wọlé dé ibi tó yẹ, ó kù díẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé mólùdù wà, mólùdù á mú un. Mo fi kíláǹpù fún un wọlé, ó lọ, ó sùn mọ́ mólùdù dáadáa, mo sì lẹ gbogbo rẹ̀ pa. Oṣù òjò ni. Ẹ̀wù tí a sá kì í gbẹ lásìkò yẹn, iyọ̀ inú abọ́ á ti di omi. Mo yọ ọ́ kúrò nínú mólùdù, ó rí bí ó ṣe yẹ, olówó gbé e lọ pẹ̀lú ayọ̀.

Ọyẹ́ dé. Ó gbé e padà wá. Àpótí ti lọ́, bí a bá gbé e sórí tábìlì, igun kan á dìde. Àyà ti la láti abẹ́ bíríìjì lọ sí ìdí, ó tẹ̀ lé ìlà ara igi. Ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo fi ṣe é?" Mo ní kò ṣe é ní nǹkan kan. Mo dá owó rẹ̀ padà, mo sì gbé jìtá náà kọ́ síwájú bẹ́ǹṣì mi kí n lè máa rí i.

Ìṣẹ̀lẹ̀ méjì ló pàdé lára rẹ̀, ó sì pẹ́ kí n tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ti lílà, ọ̀rinrin ló fà á. Igi tí a lẹ̀ nígbà tó ti mu omi inú afẹ́fẹ́ yó, nígbà tí ọyẹ́ bá gbẹ ẹ́, ó gbọ́dọ̀ sún kì. Àyà fẹ́ sún kì, àwọn igi tí a lẹ̀ dábùú sábẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kó sún, ló bá la. Ti lílọ́, mólùdù ni, tàbí kí n sọ pé ohun tí mo fi mólùdù ṣe. Àwọn tó ń gún búlọ́ọ̀kù lè ki yẹ̀pẹ̀ àti sìmẹ́ńtì sínú mólùdù kí wọ́n sì fi agbára tẹ̀ ẹ́, torí sìmẹ́ńtì kò ní ibi tó ti ń bọ̀. Igi ní. Agbára tí mo fi kíláǹpù tẹ̀ sí ìbàdí yẹn kò lọ síbì kankan. Ó wà nínú àpótí, ó ń dúró de ìgbà tí ojú ọjọ́ máa yí padà.

Láti ìgbà náà ni mo ti ní òfin kan tí n kò jẹ́ kí ọmọṣẹ́ kankan rú ní ṣọ́ọ̀bù mi: ẹ̀gbẹ́ tí ìka méjì kò bá lè tì wọ inú mólùdù kó sì dúró síbẹ̀ fúnra rẹ̀, a kò ní fi kíláǹpù kàn án. Páìpù gbígbóná ló ń padà sí. Bó bá wọlé tán pàápàá, á sùn nínú mólùdù di ọjọ́ kejì, a ó yọ ọ́ síta, a ó sì wò ó. Igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ máa ń ṣí díẹ̀ bí ó bá ti tutù, pàápàá ní àsìkò òjò. Bó bá ṣí ju bó ṣe yẹ lọ, a tún padà sídìí páìpù. Iṣẹ́ náà ń pẹ́ sí i, mo mọ̀. Mi ò tíì rí èyí tó lọ́ lára àwọn tí a ṣe báyìí.

Ti ọ̀rinrin, mo ra aago kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́. Iye tí àwọn tó ń ṣe jìtá káàkiri ayé ń fẹ́ ni ìdá 45 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní Ìjẹ̀bú-Òde lásìkò òjò, aago mi ń kọjá 80 láì tíì di ọ̀sán. A ò lè yí ojú ọjọ́ Ìjẹ̀bú padà. Mo kan kọ́bọ́ọ̀dù gíga kan, mo fi gílóòbù pupa tó ń gbóná sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo lu ihò sí òkè kí ooru lè jáde. Àyà, ẹ̀yìn àti àwọn igi ìtìlẹ́yìn á wà nínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí n tó lẹ̀ wọ́n, inú rẹ̀ ni wọ́n sì ń padà sí bí mo bá ti lẹ̀ wọ́n tán. Bí iná ìjọba bá lọ fún ọjọ́ pípẹ́, mo dá iṣẹ́ lílẹ̀ dúró, mo ń gbẹ́ ọrùn tàbí mo ń tẹ ẹ̀gbẹ́. Tí mo bá rí i ṣe, oṣù ọyẹ́ ni mo ń fi sílẹ̀ fún lílẹ àyà, n kì í sì jẹ́ kí aago já wálẹ̀ ju 40 lọ, torí igi tó gbẹ jù nígbà tí a lẹ̀ ẹ́ máa ń wú tó bá dìgbà òjò.

Mólùdù náà ń mu omi. Ẹni tó fẹ́ fi àwọn pátákó tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi ṣe, tí wọ́n ń pè ní MDF, ṣe mólùdù nílẹ̀ wa, kó rántí pé etí rẹ̀ máa ń wú bí búrẹ́dì, kì í sì í padà sípò. Pláíwúùdù tó dáa ni kí ẹ lò, kí ẹ fi fáníìṣì pa á níbi gbogbo, kí ẹ sì fi epo àbẹ́là ra inú rẹ̀ kí gúlúù má bàa lẹ̀ ẹ́ mọ́ jìtá. Kí mólùdù jẹ́ ìdajì méjì tó ṣeé tú. Mólùdù tó jẹ́ odidi kan máa ń gbé àpótí há nígbà òjò.

Ojú tí a ń là sí gìgísẹ̀ náà yí padà lọ́wọ́ mi. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń fi ayùn là á kó bá mílímítà méjì ti ẹ̀gbẹ́ mu gẹ́lẹ́. Ó dára lójú, àmọ́ kò sí àyè fún àtúnṣe: bí ó bá wọ́, ó wọ́ nìyẹn. Báyìí mo máa ń là á kó fẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ lọ, mo sì ń gbẹ́ igi pẹlẹbẹ tí orí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìdí rẹ̀ nípọn, tí a ó fi há a. Igi náà ń wọlé sí inú lẹ́yìn ẹ̀gbẹ́, ó ń ti ẹ̀gbẹ́ lọ síta, kí ojú ìpàdé tí àwọn èèyàn máa rí lè pa dé láìsí àlàfo. Àǹfààní tó ju ẹwà lọ níbẹ̀ ni pé kí n tó fi gúlúù kan ohunkóhun, mo lè tò gbogbo rẹ̀ sórí pátákó ní gbígbẹ, ọrùn lórí ìlà rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ nínú mólùdù, kí n na òwú tín-ín-rín láti àárín eegun orí dé ojú ibi tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ti pàdé nídìí. Bí òwú bá yà kúrò lórí ìlà, mo wá ìdí rẹ̀ lára ẹ̀gbẹ́, n kì í fọwọ́ kan ọrùn. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ kan gùn ju èkejì lọ nídìí, mo gé e. Ìgbà tí òwú bá sùn sórí ìlà ni mo tó ń po gúlúù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan fún ẹni tí kò tíì ṣe jìtá kankan. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan lo fẹ́ ṣe, má wulẹ̀ fi owó àti àkókò rẹ ṣe mólùdù. Ṣe pátákó tó dáa, fa ìlà tó tọ́, fi ègé igi mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá tó dúró gbọn-in yí ìlà náà ká, kí o sì tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ pẹ̀lú sùúrù. Mólùdù kì í fi ohùn sí jìtá. Torres fúnra rẹ̀, ní 1862, ṣe jìtá kan tó jẹ́ pé páálí ni ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn rẹ̀, kó lè fi han aráyé pé àyà ni ohùn ti ń wá. Ẹni tó fẹ́ ṣe púpọ̀ tó bára mu, tàbí tó ní ọmọṣẹ́ tó ń kọ́, ni mólùdù wúlò fún. Ó ń jẹ́ kí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ fojú rí ibi tí ìtẹ̀ rẹ̀ kò tíì péye, kí ọ̀gá tó sọ̀rọ̀.

Ohun tó kẹ́yìn tí iṣẹ́ yìí kọ́ mi, ìgbà tí a bá fẹ́ lẹ ẹ̀yìn ni. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń fi àpótí sílẹ̀ nínú mólùdù títí ẹ̀yìn á fi gbẹ, torí mo rò pé ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí a di í mú jù. Báyìí, bí àwọn igi etí, èyí tí a lẹ̀ yí etí ẹ̀gbẹ́ ká kí ẹ̀yìn lè rí ibi jókòó lé, bá ti gbẹ, mo tú ìdajì méjèèjì kúrò, mo fi àpótí sílẹ̀ lórí pátákó ní ṣíṣí, ó di ọjọ́ kejì. Bí ẹ̀gbẹ́ bá fẹ́ lọ síbì kan, á lọ lójú mi nígbà tí mo ṣì lè fi páìpù bá a sọ̀rọ̀. Bó bá dúró, mo fi gúlúù sí i, mo gbé ẹ̀yìn lé e, mo wá fi tíúbù mọ́tò tí mo gé tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ wé e mọ́ pátákó láti ìdí títí dé èjìká, ní ìlọ àti ìbọ̀. Ọ̀dọ̀ fọ́kanáísà ni mo ti ń gba tíúbù tó ti bẹ́. Ó ń fún ẹ̀yìn ní àyíká láì fi àmì sílẹ̀ lára igi, kò sì ṣeé wé bí mólùdù bá ṣì wà níbẹ̀.